Ẹ̀dà Keje Tí Mo Gbàgbé Sí Agége

Agége,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Àjọkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé inú yàrá kan náà là ń gbé, pé bí mo bá ní ọ̀rọ̀ sọ, kí n kàn ká kọ́tìnnì kí n sọ ọ́ ni. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti Ọjọ́rú. Ìgbà àkọ́kọ́, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ìgbà kejì, mo tún bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ìgbà kẹta, ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Àǹtí Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n sanra wọ ọ́fíìsì ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá tèmi lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

N kò fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, nítorí mo mọ bí o ṣe ń ka nǹkan lórí fóònù. O máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀, o sì máa ń fi àtàǹpàkò yí i lọ sí ìparí. Jọ̀ọ́, má ka èyí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́rú tí o wọlé, àpò ṣì wà léjìká rẹ tí o ti ń pariwo: "Àǹtí Màmá! Wọ́n ti gbà mí o! Ẹ wá gbọ́ ibi tó jẹ́. Ibi iṣẹ́ yín àtijọ́ ni, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ní Ìlúpéjú!" O ti ń fi í pamọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí wá kí ó lè yà mí lẹ́nu. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. O ní láti ọjọ́ Ajé ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, pé kóòdù kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ lébẹ̀lì oògùn, pé ó díjú débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, òun ni wọ́n sì fẹ́ kí o tún ṣe. O ní, "Ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní ẹni tó kọ ọ́, inú orí rẹ̀ á dà bí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà." O rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wolẹ̀, mo rí i pé mo ti ń kó òkúta padà sínú ẹ̀wà.

Rónkẹ́, èmi ni mo kọ ọ́. Ìtẹ́ ẹyẹ náà, tèmi ni.

Bí o bá ṣí fáìlì náà lọ́jọ́ Ajé, wàá rí orúkọ mi ní ìlà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ kò sí nínú fáìlì kankan, nítorí mo pa á rẹ́. Òun ni mo fẹ́ kí o ti ẹnu mi gbọ́.

Èmi kọ́ ni mo bí ọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Màámi ti sùn, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ìwọ sì jẹ́ mẹ́jọ, èmi ni mo ń di irun rẹ, èmi ni mo sì ń fọwọ́ sí ìwé ilé-ìwé rẹ níbi tí wọ́n bá kọ "òbí" sí. Lẹ́tà tí ìyá máa ń kọ sí ọmọ rẹ̀ bí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi náà ni ó já lé lọ́wọ́. Ó dùn mí pé nínú ìtìjú ni mo ti ní láti yọ ìmọ̀ràn fún ọ.

O mọ̀ pé wáẹ́ẹ̀kì ni mo ṣe, n kò kọjá ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ará Ìjẹ̀bú tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village ni mo ti kọ́ kóòdù, díẹ̀díẹ̀, láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Nígbà tí mo dé ilé oògùn náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ ìkẹyìn tí ènìyàn lè lo oògùn, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣe é. Mo kọ ètò kékeré kan: fi orúkọ oògùn sí i, fi ọjọ́ tí a ṣe é sí i, á gbé lébẹ̀lì jáde pẹ̀lú ọjọ́ ìkẹyìn. Ìlà mẹ́tàdínlógójì ni. Mo kà wọ́n. Ó mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Màmá Bísí, olórí àwọn tó ń di oògùn lókè, gbọ́ nípa rẹ̀.

"Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé èyí tí àwọn ti ìsàlẹ̀ ń lò náà lo fẹ́ gbé fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀kan náà ni gbogbo yín máa lò."

"Háà! Èmi àti àwọn wọ̀nyẹn nínú ìkòkò kan? Èmi ò ṣe orogún ẹnikẹ́ni o. Ṣe tèmi lọ́tọ̀. Kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi dáadáa, ojú mi kì í ṣe ojú ọmọdé."

Mo kúnlẹ̀, mo ní "ẹ ṣé, mà". Mo da gbogbo ìlà mẹ́tàdínlógójì náà kọ, mo yí ìtóbi lẹ́tà padà, mo fi orúkọ rẹ̀ sórí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ti ìsàlẹ̀ gbọ́ pé Màmá Bísí ti ní tirẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka ìgò fẹ́ kí oṣù ṣáájú ọjọ́. Ẹlòmíràn fẹ́ kí tirẹ̀ ní ìlà pupa lábẹ́. Àgbà ni gbogbo wọn, èmi ló sì kéré jù. Ẹnu mi kò lè pe "rárá". Ẹ̀dà ni mo ń dà fún wọn bí ẹni ń bu oúnjẹ fún àlejò, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ bọ àwo ẹlòmíràn. Kí ọdún tó parí, ó di méje.

Nítorí náà, èyí àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ: ohun tí o bá mọ̀, ibì kan ṣoṣo ni kó máa gbé. Nínú yàrá wa yìí, ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Ká ní ìṣó méje la ní, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ì bá máa fi wá sílẹ̀. Wọ́n á sọ fún ọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, fún ọjà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tí oògùn ń gbà ní ọjọ́ ìkẹyìn bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan nínú wọn á ṣi ènìyàn lọ́nà. Kọ ìṣirò náà sí ojú kan, sọ ọ́ ní orúkọ, kí gbogbo apá tó kù máa pe orúkọ yẹn. Bí òfin bá yí padà, ilẹ̀kùn kan ni wàá kàn.

Kí ló tilẹ̀ yàtọ̀ láàárín Màmá Bísí àti àwọn tó kù? Ìtóbi lẹ́tà. Nǹkan kan péré! Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ sínú àkọsílẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ètò máa wò ó níbẹ̀. Màmá Bísí ì bá rí orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà lójú ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ì bá dùn, wọn ì bá sì ti máa jẹ nínú ìkòkò kan láìmọ̀.

Ẹ̀dà keje ni ti Bàbá Ràfíù. Òun ni alákòóso ilé ìkẹ́rùsí wa ní Oko Ọba níbí. Nínú àwọn méje, òun nìkan ni kò bèèrè. Pẹ́ńsù ń wà létí rẹ̀ nígbà gbogbo, ìwé eléwé búlúù sì wà tí ó ń ṣírò ọjọ́ sí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú níwájú ilé rẹ̀. Èmi ni mo gbé ètò náà lọ bá a.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìṣirò kò tíì ṣì mí lọ́wọ́ rí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé."

"Ẹ̀rọ kì í gbàgbé, àbí? Ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ ńkọ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó gbà nítorí tèmi.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí mánéjà fi pè mí. Ó ní wọ́n ti yí nǹkan kan padà nínú oògùn inú rírun, pé kì í ṣe ọdún méjì ló máa ń pẹ́ mọ́, oṣù méjìdínlógún ni. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka. "Ojú ibi mélòó lo ti máa tún un ṣe?" Mo fi ìka kà wọ́n níwájú rẹ̀, mo ní, "Mẹ́fà, sà." Mo tún mẹ́fà ṣe, mo dán mẹ́fà wò. Orí mi wú.

Ẹnì kan tó ń ta oògùn òyìnbó ló rí i. Ó gbé ìgò méjì sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni a ṣe wọ́n, ọjọ́ ìkẹyìn wọn sì yàtọ̀. Ọlọ́run yọ wá, kò tíì sí ẹni tó lò ó kọjá ìgbà rẹ̀. Wọ́n kó àwọn páálí náà padà láti ibi gbogbo, páálí Oko Ọba ni gbogbo wọn. Wọ́n sì pe ìpàdé.

Bàbá Ràfíù dúró níwájú, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló tẹ ọjọ́ yìí?" Mánéjà ló bèèrè.

"Ẹ̀rọ ló gbé e fún mi, sà."

Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ̀rọ kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́ o." Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mánéjà kọjú sí mi. "Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé ẹ̀rọ náà dáa?"

Bó ṣe bi mí ni mo rántí. Mo rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn lọ́kàn mi kedere, lórí tábìlì onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní Oko Ọba. Ìka keje. Mo la ẹnu, mo ní, "Ó dáa, sà. Mo ti dán an wò."

Mo dán an wò lóòótọ́. Mẹ́fà ni mo dán wò. Rónkẹ́, kò sí irọ́ tó burú tó èyí tí a fi ewé òótọ́ pọ́n bí mọ́ínmọ́ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oko Ọba. Mo ní mo fẹ́ nu eruku kọ̀ǹpútà. Mo tún ẹ̀dà keje ṣe. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tí àwọn tí wọ́n rán wá yẹ ẹ̀rọ wò dé, ọjọ́ tó tọ́ ló gbé jáde níwájú gbogbo wọn. Bàbá Ràfíù wo lébẹ̀lì, ó wo ẹ̀rọ, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Mo bá a ní ẹnu géètì Ìlúpéjú, ìwé búlúù náà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Òun ló ń tù mí nínú. "Ọmọ mi, má jẹ́ kó dùn ọ́. Ojú mi ló kọ̀. Ó ti tó àkókò náà ni." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé ó ti ra awò ojú. Mo tún gbọ́ pé kò kọ́ àwọn ọmọ ní kéú mọ́. Ó ní ojú tó ṣi ọjọ́ oògùn kà lè ṣi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kà.

Mo dúró díẹ̀ kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Omi ni mo lọ mu.

Èyí kejì. Ìbẹ̀rù ló mú mi fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, ìbẹ̀rù kì í sì í túnlé ṣe. Mo ń wá ohunkóhun tó bá jọra kí n so wọ́n pọ̀. Mo rí ọgbọ̀n ní ojú ibi méjì: ọgbọ̀n ọjọ́ tí a lè fi lo oògùn etí lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i, àti ọgbọ̀n ìgò tó ń wọ inú páálí kan. Mo ní, ọgbọ̀n ni ọgbọ̀n ń jẹ́. Mo fún wọn ní orúkọ kan. Lóṣù kejì, wọ́n dín ìgò inú páálí kù sí mẹ́rìnlélógún, mo yí i padà lójú kan ṣoṣo, inú mi dùn pé mo ti gbọ́n. Màmá Bísí ló gbé lébẹ̀lì wá: "Mọ́rẹ́nikẹ́, ta ló gé ọjọ́ mẹ́fà kúrò nínú etí aráyé?" Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jọra ló bára tan. Kí o tó so ohun méjì pọ̀, bi ara rẹ pé: bí ọ̀kan bá yí padà, ṣé dandan ni kí èkejì yí padà? Bí kì í bá ṣe dandan, fi olúkúlùkù sílé rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù bà mí pátápátá, mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Òun ni wàá bá.

Wàá tún bá "bí" nínú "bí". Bí ó bá jẹ́ ìgò, ṣe báyìí. Bí ìgò náà bá kéré, ṣe tọ̀hún, àyàfi bí ó bá jẹ́ ti Oko Ọba. Mo ń ki ọ̀kan bọ inú èkejì títí èmi tí mo kọ ọ́ fi ń fi ìka tọ ìlà kí n má baà sọnù. Gé e sí wẹ́wẹ́. Kí ìdá kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan, kí orúkọ rẹ̀ sì sọ iṣẹ́ náà. Bí o bá kà á sókè fún èmi tí mo ń gbọ́únjẹ tí kò sì yé mi, kò tíì parí.

Wàá rí fáìlì mẹ́rin kan tí kò sẹ́ni tó ń lò wọ́n: "tuntun", "tuntun-gan", "tuntun-ikẹyin" àti "eyi-ni-kẹ-lo". Má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, pa wọ́n rẹ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nítorí bóyá a ó tún nílò wọn, bí ẹni tó ń kó ike òfìfo jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ kò ní mọ èyí tó wà láàyè.

Ní ti àwọn àgbà ibi iṣẹ́: kúnlẹ̀ kí wọn. Orúkọ wọn ni kí o má pè, iṣẹ́ wọn ni kí o bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n má fi kóòdù kí wọn. Ohun tí mo pè ní ọ̀wọ̀ nígbà náà, ojo ni. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀kan náà ló máa dáàbò bò yín," kí o sì dúró lé e lórí níbi tí o kúnlẹ̀ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé mélòó ni, tí kò dá ọ lójú, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó, sà" kò pa ènìyàn rí.

Mo sọ fún ọ pé ọ̀nà ló jìn tí mo fi kúrò ní ilé oògùn náà lọ máa tẹ̀wé ní Aláúsá. Irọ́ ni. Kò sí ọjọ́ tí mo wọ ọgbà yẹn tí n kò rí i níbi tó dúró sí ní ẹnu géètì.

Àná, nígbà tí o lọ ra bàtà iṣẹ́ rẹ, mo lọ bá a nílé.

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, awò wà lójú rẹ̀, kò sí ọmọ kankan níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí mẹ́fà dé orí méje.

"Ojú mi kọ́?"

"Ojú yín kọ́, sà."

"Tún un sọ."

"Ojú yín kọ́, Bàbá. Èmi ni."

Ó kígbe wọlé: "Ìyá Ràfíù! Ìyá Ràfíù, bọ́ síta wá gbọ́! Ọmọ yìí ní ojú mi kọ́!"

Ìyá Ràfíù jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Mo tún sọ ọ́ fún òun náà. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta ni bàbá yìí fi ń ní kí n wá bá òun ka nọ́ńbà orí fóònù, ojú tó rí abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn." Ó padà wọlé. N kò rí i mọ́ títí mo fi lọ.

Bàbá gbé ìwé búlúù náà wá, ó ṣí i síwájú mi. Ọjọ́ tó tọ́ wà níbẹ̀, ó ti fi pẹ́ńsù ṣírò oṣù méjìdínlógún náà. Ó ti fa ìlà kan gba àárín rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kọ ti ẹ̀rọ sí.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Mo kọ ọ́. Ìwọ lo ní ẹ̀rọ kì í gbàgbé."

N kò tọrọ ìdáríjì, ẹnu mi kò gbà á. Òun náà kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó kàn bọ́ awò náà, ó fi sáàárín ìwé, ó pa á dé. Ó ní, "Lọ sọ fún àwọn tó lé mi. Kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kó gbọ́."

Nítorí náà, Àjọkẹ́ mi, a jọ máa wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé ni. Ìwọ á yà sí ọ́fíìsì rẹ tuntun, èmi á yà sọ́dọ̀ mánéjà. Mo mọ̀ pé ó lè bà ọ́ lọ́wọ́ jẹ́, pé wọ́n lè sọ pé ọmọ ilé ẹni tó tàn wá nìyí. Mo rò ó títí ojú fi ń ro mí. Ká ní ìtìjú mi nìkan ni, ǹ bá tún gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ìwọ ni wàá máa tún ètò náà ṣe lórí irọ́ mi, wàá máa jẹun lórí tábìlì tí wọ́n ti lé bàbá oníbàbá dìde. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o mọ̀ mí, má ṣe bíi tèmi. Ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ gan-an ni kí o dáhùn.

Ó ku ohun kan. Mo ti sọ nínú ìwé yìí pé ẹ̀dà méje ni. Rántí pé mo ti fi ìka kà wọ́n níwájú ọ̀gá rí, mo ní mẹ́fà. Má gbà mí gbọ́. Kí o tó fọwọ́ kan ìlà kankan, lọ sí ìsàlẹ̀, lọ sí òkè, lọ sí Oko Ọba, kí o kà wọ́n fúnra rẹ.

Èmi ni,
Àǹtí Màmá rẹ,
Mọ́rẹ́nikẹ́.